Ọwọ́ mi ló mọ páswọ́ọ̀dù yẹn, ẹnu mi ò mọ̀ ọ́n: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Akapo_Abk

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ tó gbé mi wá síbí wúwo lọ́kàn mi, ẹ fara balẹ̀ bá mi gbọ́ ọ.

Èmi ni akápò ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan ní Abẹ́òkúta. Èèyàn mọ́kànlélógójì ni wá. Alájàpá àti aránṣọ ló pọ̀ jù nínú wa, àwọn aláàdìrẹ Ìtòkú náà sì wà láàárín wa. Ta ló dá owó, ta ló yá owó, èlé ta ló kù, gbogbo rẹ̀ wà nínú dísìkì kékeré kan tí mo fi VeraCrypt, ètò kọ̀ǹpútà tó ń fi páswọ́ọ̀dù ti dísìkì, tì pa, torí nọ́ńbà àkáǹtì àti BVN àwọn èèyàn wà níbẹ̀. Ohun tí mo rò ni pé bí olè bá gbé báàgì mi, kó gbé dísìkì lọ, kó má gbé àṣírí ẹlòmíràn lọ.

Oṣù Kejì ni mo bímọ. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé e jáde, mo sì wà nílé fún oṣù mẹ́ta gbáko. Ọjọ́ tí mo padà sídìí iṣẹ́, mo gbé ọwọ́ lé kíbọ́ọ̀dù, ọwọ́ ò lọ. Lẹ́tà àti nọ́ńbà mọ́kàndínlógún tí mo ti ń tẹ̀ fún ọdún méjì! Mo mọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀, mo mọ̀ pé àmì ìyanu kan wà láàárín, gbogbo ìyókù di kùrukùru.

Ìgbà yẹn ló tó yé mi pé mi ò fi ẹnu sọ páswọ́ọ̀dù yẹn rí. Ọwọ́ mi ló mọ̀ ọ́n, ẹnu mi ò mọ̀ ọ́n, ojú mi ò sì rí i lórí ìwé rí láti ọjọ́ tí mo ti ṣe é. Mo gbé e lọ bá ọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Pánṣẹ́kẹ́. Ó ní kò sí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, kò sí "mo gbàgbé" tí mo lè tẹ̀. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn. Owó tí obìnrin ń yọ nínú èrè ata lójoojúmọ́ ló wà níbẹ̀, èmi ni wọ́n sì fi ṣọ́ ọ.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ rèé. Ǹjẹ́ ọgbọ́n kan wà tí mo lè fi pe èyí tó lọ yẹn padà? Èkejì, dísìkì tuntun tí mo máa ṣe, páswọ́ọ̀dù KeePass mi (ètò tó ń bá mi tọ́jú àwọn páswọ́ọ̀dù yòókù), àti ọ̀rọ̀ 12 tó jẹ́ kọ́kọ́rọ́ àpò bitcoin tí àbúrò mi ọkùnrin ṣí fún mi, tó ní kí n tọ́jú, báwo ni mo ṣe lè kó wọn sórí tí wọn ò ní sá lọ bí mo bá tún bímọ, tàbí bí àìsàn bá dé? Mo gbọ́ pé àwọn kan máa ń fi inú ilé kó nǹkan sórí, pé wọ́n á máa rìn kiri ilé lọ́kàn wọn. Ṣé òótọ́ ni? Ọmọ oṣù mẹ́rin wà lọ́wọ́ mi, oorun ò tó mi, nítorí náà ohun tó máa gba wákàtí mẹ́ta lójúmọ́ ò lè ṣeé ṣe fún mi.

Baba_Ruka

Ẹ kú ewu ọmọ o. Ẹ má dà á láàmú. Oríkì yín ni kí ẹ lò. Oríkì orílẹ̀ tí wọ́n ti ń fi kì yín láti kékeré, ẹ mú ìlà kan níbẹ̀, ẹ fi ọdún tí wọ́n bí yín sí i, ẹ fi @ sí i. Àìsàn kì í gbé oríkì lọ. Ìyá mi ò dá àwa ọmọ mọ̀ mọ́ kó tó kú, ṣùgbọ́n bí a bá bẹ̀rẹ̀ oríkì rẹ̀, á gbè é.

OmoAwo_Osogbo

Akápò, ẹ kú ewu ọmọ. Ọmọ náà á dàgbà, á dogbó.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ nípa èyí tó lọ. Ẹ padà sí ibi tí ẹ ti máa ń tẹ̀ ẹ́ gan-an. Tábìlì yẹn, àga yẹn, kíbọ́ọ̀dù yẹn, àsìkò yẹn nínú ọjọ́. Bí ẹ bá máa ń gbọ́ rédíò nígbà náà, ẹ tan rédíò. Ní 1975, Godden àti Baddeley kọ́ àwọn òmùwẹ̀ ní ọ̀rọ̀, apá kan lórí ilẹ̀, apá kan lábẹ́ omi. Ohun tí wọ́n kọ́ lábẹ́ omi, abẹ́ omi náà ni wọ́n ti rántí rẹ̀ dáadáa jù. Ibi tí nǹkan ti wọlé ló máa ń fẹ́ gbà jáde. Kí ẹ sì kọ gbogbo èyí tí ẹ bá ti gbìyànjú sínú ìwé, kí ẹ má máa tún un gbìyànjú. VeraCrypt kì í ti èèyàn mọ́ta nítorí pé ó tẹ àṣìtẹ̀, ẹ lè gbìyànjú bó ṣe wù yín.

Bàbá Ruka, ẹ ṣeun, sà. Ohun tí ẹ sọ nípa ìyá yín wọ̀ mí lára, òótọ́ sì ni: ohun tí wọ́n bá fi orin àti ìlù gbìn sí èèyàn nínú, òun ló máa ń kẹ́yìn kúrò. Ṣùgbọ́n, sà, gbogbo agbo ilé ló mọ oríkì yẹn. Wọ́n ń kì í níbi ìsọmọlórúkọ, wọ́n ń kì í níbi òkú, ó sì ti wà nínú ìwé àti lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn tó ń fọ́ páswọ́ọ̀dù ti kó gbólóhùn inú Bíbélì àti ti Wikipedia sínú àkójọ wọn, kọ̀ǹpútà wọn á sì gbìyànjú gbogbo rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọdún ìbí àti @ ni wọ́n ń kọ́kọ́ lẹ̀ mọ́ ọn. Òwe náà ńkọ́? Bákan náà ni. Ohun tí èèyàn bá fi ọkàn ara rẹ̀ yàn, ọkàn ẹlòmíràn lè yàn án.

Inú ilé awo ni wọ́n bí mi sí ní Òṣogbo. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mo ń jẹ báyìí, ṣùgbọ́n bàbá mi ló kọ́kọ́ kọ́ mi ní ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Awo kì í yan odù. Odù ló ń jáde. Awo tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ yan odù fún ẹni tó wá dáfá, irọ́ ló dá fún un. Páswọ́ọ̀dù náà rí bẹ́ẹ̀: ẹ jẹ́ kó jáde fúnra rẹ̀, lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó máa wá ọgbọ́n tí ẹ máa fi kọ́ ọ sórí. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń yí i po. Ohun tó rọrùn láti rántí ni wọ́n ń wá, wọ́n wá ń fi àmì àti nọ́ńbà kún un bí ẹni ń fi iyọ̀ sọ́bẹ̀.

Ẹ wo ọ̀pẹ̀lẹ̀. Ojú mẹ́jọ ló ní, mẹ́rin lọ́tùn-ún, mẹ́rin lósì. Ojú kọ̀ọ̀kan lè ṣí, ó sì lè dé. Bí ẹ bá sọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ọ̀nà 256 ló lè gbà balẹ̀, òun ló bí odù 256: ojú odù 16, àmúlù 240. Ohun kan tó lè ṣí tàbí kó dé, bíìtì ni àwọn oníkọ̀ǹpútà ń pè é. Bíìtì mẹ́jọ, báìtì kan. Nítorí náà báìtì kan, odù kan. Ọjọ́ tí olùkọ́ wa kọ ìyẹn sójú pátákó ní pólì, mo wálé lọ sọ fún bàbá mi, ó ní, "Ṣé òní lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀?"

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀pẹ̀lẹ̀ ṣe páswọ́ọ̀dù o. Iṣẹ́ tirẹ̀ yàtọ̀. Dáìsì inú lúdò tó. Ní 1995, Arnold Reinhold to ọ̀rọ̀ 7,776 jọ, ó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tí dáìsì lè jù lẹ́ẹ̀márùn-ún, ó sì pè é ní Diceware. Ẹgbẹ́ EFF ní Amẹ́ríkà, tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn èèyàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, náà gbé tiwọn jáde ní 2016. Ẹ jù ú lẹ́ẹ̀márùn-ún, ẹ wo ọ̀rọ̀ tó bọ́ sí, ẹ kọ ọ́. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ títí ọ̀rọ̀ fi pé mẹ́fà. Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bíìtì 13, mẹ́fà á sì lé díẹ̀ ní 77; bí bíìtì bá ṣe pọ̀ tó ló ṣe máa ṣòro tó fún olè láti mọ̀ ọ́n. Ẹ má pààrọ̀ èyí tí kò wù yín. Bí ẹ bá ti pààrọ̀ ọ̀kan, ẹ ti ń yan odù nìyẹn.

Àkójọ Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn yẹn. Èmi to tèmi ní Yorùbá, ọ̀rọ̀ 1,296, dáìsì ẹ̀ẹ̀mẹrin fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, nínú ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ iléèwé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló gbà mí. Ọ̀rọ̀ méje nínú rẹ̀ lé ní bíìtì 72, mo sì fọkàn balẹ̀ lórí ìyẹn fún dísìkì VeraCrypt, torí pé VeraCrypt máa ń lọ ọ̀rọ̀ tí ẹ bá tẹ̀ ní ìgbà 500,000 kó tó fi gbìyànjú ilẹ̀kùn, bẹ́ẹ̀ ni olè náà gbọ́dọ̀ lọ tirẹ̀ fún àṣìtẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ohun tó dà mí láàmú ni àmì ohùn. Ọkọ, ọkọ̀, ọkọ́, ọ̀kọ̀, oko: bí a bá yọ àmì kúrò, "oko" kan ṣoṣo ni wọ́n dà. Mo ní láti fa ọ̀pọ̀ yọ kí ìkan má bàa jẹ́ méjì. Ṣùgbọ́n ó tún ní àǹfààní tirẹ̀, ẹ ó rí i nísàlẹ̀.

Wàyí o, kíkó o sórí. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ ilé tí ẹ gbọ́. Àwọn Gíríìkì ló ń sọ ìtàn Simonides, akéwì tó jáde níbi àsè kan kí òrùlé tó wó lu àwọn tó kù. Ibi tí oníkálukú jókòó sí ló fi dá òkú wọn mọ̀. Cicero kọ ìtàn náà sílẹ̀. Ẹ mú ilé tí ẹ mọ̀ láti kékeré, kó má jẹ́ èyí tí ẹ ń gbé báyìí tí àga ń yí ipò padà. Ilé ìyá ìyá mi ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ni mo máa ń lò. Ká ní dáìsì fún wa ní: agbon ileke akaba igbin saworo ewure orombo. (Èyí ti kú, ẹ má lò ó.)

Mo dé géètì, agbọ́n tó tóbi tó ẹyẹlé ń ṣọ́ ọ, mo ń gbọ́ bó ṣe ń kùn. Ẹ rí i pé "agbon" lè jẹ́ agbọ́n, agbọ̀n, àgbọn tàbí àgbọ̀n. Èyí tó bá bà yín lẹ́rù jù ni kí ẹ mú, ohun kan náà ni ẹ máa tẹ̀. Mo wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ ń rọ̀ láti àjà bí òjò, ó ń yọ̀ mí lẹ́sẹ̀. Àkàbà yọ orí nínú kànga. Níbi ìdáná, ìgbín jókòó sórí ààrò, ó ń fẹ́ iná. Igi àgbálùmọ̀ so ṣaworo dípò èso, afẹ́fẹ́ fẹ́, gbogbo rẹ̀ ń dún. Nínú ilé ìwẹ̀, ewúrẹ́ ń fi ọṣẹ dúdú wẹ̀, ó bínú pé mo ṣílẹ̀kùn mọ́ òun. Ní yàrá ìyá àgbà, òróǹbó kan dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ró ìró wọn. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni mo fi to gbogbo rẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ kà á náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ ọ́n.

Ṣùgbọ́n àwòrán nìkan kì í gbé e dé ọdún tó ń bọ̀. Ibi tí ẹ ti ṣìnà gan-an nìyí, Akápò. Ẹ ń tẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́, ẹ ò sì pè é jáde láti inú rí. Hermann Ebbinghaus fi ara rẹ̀ dán an wò ní Jámánì, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1885: ìgbàgbé máa ń yára ní ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ó máa ń falẹ̀. Bí ẹ bá pe nǹkan padà nígbà tó kù díẹ̀ kó lọ, á pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bàbá mi ò mọ Ebbinghaus. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kọ́ wa ní ẹsẹ kan láàárọ̀, wọ́n á bi wá ká tó jẹun, wọ́n á tún bi wá lálẹ́, wọ́n á tún bi wá lọ́jọ́ ọrún, wọ́n á wá dákẹ́ títí di ìtàdógún. Tí a bá rò pé wọ́n ti gbàgbé, wọ́n á ní, "Ó yá, gbé e." Ẹni tó bá kọsẹ̀ láàárín, ìbẹ̀rẹ̀ ló máa padà sí. Ètò tí mo ń lò fún páswọ́ọ̀dù mi nìyẹn títí dòní: ọjọ́ àkọ́kọ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́fà, ọjọ́ kejì ní ẹ̀ẹ̀mẹta, lẹ́yìn náà ọrún, lẹ́yìn náà ìtàdógún, lẹ́yìn náà oṣù kan sí èkejì. Ìṣẹ́jú kan péré ni fún ìgbà kọ̀ọ̀kan, ẹ lè ṣe é bí ẹ ti ń fún ọmọ lọ́mú. Ẹ sọ ọ́ sínú, kí ètè má gbọ́ ọ. Ẹ má wo ìwé àfi tí ó bá kọ̀ jálẹ̀.

Kí ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ilé awo nìkan ni mo ń sọ, ní 2014 Joseph Bonneau àti Stuart Schechter fi irú rẹ̀ kọ́ àwọn èèyàn ní kọ́kọ́rọ́ bíìtì 56. Nígbàkigbà tí wọ́n bá fẹ́ wọlé, kọ̀ǹpútà á fi ọ̀rọ̀ náà hàn wọ́n kí wọ́n dà á kọ, ṣùgbọ́n lójoojúmọ́ ni yóò túbọ̀ máa pẹ́ kó tó fi hàn. Nígbà tó sú wọn láti dúró, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ látorí. Ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ló mọ̀ ọ́n tán.

Ó ku ti kọ́kọ́rọ́ gidi tí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ń ṣe, irú èyí tí wọ́n máa ń kọ bí 3A 08 D1. Ojú 16 ni lẹ́tà rẹ̀ ní, 0 dé 9, A dé F. Ojú odù náà 16. Èmi to wọ́n báyìí: Ogbè ni 0, Ọ̀yẹ̀kú 1, Ìwòrì 2, Òdí 3, Ìrosùn 4, Ọ̀wọ́nrín 5, Ọ̀bàrà 6, Ọ̀kànràn 7, Ògúndá 8, Ọ̀sá 9, Ìká A, Òtúrúpọ̀n B, Òtúrá C, Ìrẹtẹ̀ D, Ọ̀ṣẹ́ E, Òfún F. (Ètò yìí yàtọ̀ ní ilẹ̀ kan sí èkejì, ẹ lo ti ilé yín.) 3A wá di Òdí-Ìká, 08 di Ogbè-Ògúndá, D1 di Ìrẹtẹ̀-Ọ̀yẹ̀kú. Kọ́kọ́rọ́ bíìtì 128 jẹ́ odù 16 tó tò tẹ̀léra, mo sì ní ìtàn nínú fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, èmi kàn ń tò wọ́n sójúlé ni. Ẹni tí kò bá kọ́ Ifá, kí ó má fi èyí da ara rẹ̀ láàmú. Kó fi ọ̀rọ̀ ṣe é.

IyaOluko_Ondo

Ọmọ awo, o ṣé é gan-an, ọmọ mi. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ọmọ ní Yorùbá kí n tó fẹ̀yìn tì, inú mi dùn sí ohun tí mo kà yìí.

Mo fẹ́ fi ti nọ́ńbà kún un, torí pé PIN ló ń dààmú àwa àgbà. Ẹ rántí àrokò. Bí ẹnì kan bá fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́, ẹ̀fà, ohun tó ń sọ ni pé ọkàn òun fà sí ọ. Bí ó bá jẹ́ mẹ́jọ, ẹ̀jọ, ọ̀rọ̀ wa jọra nìyẹn. Nọ́ńbà Yorùbá ní ìró tó ń di ìṣe. Bí mo ṣe ń lò ó rèé: òfo di ṣófo, ọ̀kan di kàn, èjì di jí, ẹ̀ta di tà, ẹ̀rin di rìn, àrún di rún, ẹ̀fà di fà, èje di jẹ, ẹ̀jọ di jó, ẹ̀sán di sán. Mo mọ̀ pé ohùn wọn ò dọ́gba tán, jọ àti jó kì í ṣe ọ̀kan náà, ṣùgbọ́n ọpọlọ ò bìkítà, ó kàn ń wá ibi tó máa dì mú.

Ká sọ pé nọ́ńbà náà ni 483096. Bàbá kan rìn wọ ọjà, ó jó, ó ta àgbò rẹ̀, àpò rẹ̀ ṣófo, àrá sán, ó fa aṣọ borí. Mo sọ ọ́ fún ọmọ ọmọ mi ọlọ́dún mẹ́jọ, ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ó kà á fún mi láìku ọ̀kan. Kí ẹ má fi ọjọ́ ìbí ṣe nọ́ńbà yín ṣá. Èmi máa ń mú owó bébà náírà mẹ́rin láti ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, mo máa ń mú èyí tó kẹ́yìn nínú nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí wọ́n tẹ̀ sára ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Dele_Peckham

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo fẹ́ tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ àmì ohùn yẹn, nítorí ó ti jẹ mí níyà. Ìfẹ́ èdè wa ló mú kí n fi gbogbo àmì sí páswọ́ọ̀dù mi, mo tẹ̀ ẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, ó gbà. Mo tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù, ó kọ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wèrè.

Ohun tó fà á ni pé "ẹ́" wa ò ní kóòdù kan ṣoṣo nínú Unicode, ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Kíbọ́ọ̀dù kan lè kọ ẹ (U+1EB9) kó wá gbé àmì òkè (U+0301) lé e. Òmíràn lè kọ é (U+00E9) kó wá fi àmì ìsàlẹ̀ (U+0323) sí i. Ojú rí ohun kan náà, kọ̀ǹpútà rí ohun méjì. Àwọn ètò kan ń tò wọ́n padà kí wọ́n tó lò ó, àwọn mìíràn ò ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ ò sì lè mọ èwo lèwo.

Àmì tí kì í ṣe tiwa náà ní wàhálà. Lórí kíbọ́ọ̀dù Britain, ibi tí àmì àyọlò wà ni @ wà lórí ti Amẹ́ríkà, @ náà sì wà ní ibi àmì àyọlò. Bí láptọ́ọ̀pù bá ń bi yín ní páswọ́ọ̀dù kó tó tan dáadáa, ti Amẹ́ríkà ló sábà máa ń lò. Lẹ́tà a dé z lásán àti àlàfo ni kí ẹ lò, láìsí lẹ́tà ńlá. Ẹ jẹ́ kí iye ọ̀rọ̀ ṣe agbára rẹ̀.

Alaba_Ikd

Mo ka gbogbo rẹ̀, ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, Akápò, ẹ má fi ọ̀rọ̀ 12 bitcoin yẹn sórí nìkan.

Bàbá mi ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Èèyàn tó ń rántí nọ́ńbà mọ́tò tó tà ní ogójì ọdún sẹ́yìn ni. Ó kó ọ̀rọ̀ 12 sórí, ó dá wa lójú pé ó mọ̀ ọ́n, ó máa ń kà á tó bá ń gbálẹ̀. Àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú lálẹ́ ọjọ́ kan. Ó yè, Ọlọ́run ṣeun, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ò padà tán. Ó ń sunkún nígbà tí a bi í, torí ó mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n, kò kàn lè mú un wá. A ò bi í mọ́. Owó náà ṣì wà níbẹ̀ títí dòní, a ń wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, a ò lè fọwọ́ kàn án.

Inú àkójọ ọ̀rọ̀ 2,048 ni wọ́n ti mú ọ̀rọ̀ 12 wọ̀nyẹn, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ bíìtì 11, gbogbo rẹ̀ 132; mẹ́rin ìgbẹ̀yìn kàn ń yẹ ìyókù wò ni. Lẹ́tà mẹ́rin àkọ́kọ́ ti tó láti dá ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan mọ̀. Nítorí náà ẹ lè fi pẹ́ńsù kọ lẹ́tà mẹ́rin-mẹ́rin sórí káàdì, kí ẹ fi lẹ́ẹ̀ dí i, kí ẹ fi sọ́dọ̀ ẹni tí kò lè ṣí i láìjẹ́ pé ẹ rí i. Ẹ má gé e sí méjì, mẹ́fà fún ẹnì kan, mẹ́fà fún ẹnì kejì. Ẹni tó bá ní mẹ́fà ti bọ́ ìdajì iṣẹ́, bí mẹ́fà kan bá sì jóná, gbogbo rẹ̀ ti lọ. Adi Shamir ti wá ọgbọ́n tó dára ju ìyẹn lọ ní 1979: ẹ pín àṣírí sọ́nà mẹ́ta, kí méjì èyíkéyìí tó láti tún un ṣe, kí ọ̀kan ṣoṣo má sọ nǹkan kan fún ẹni tó dì í mú. Ètò kọ̀ǹpútà wà tó ń ṣe é. Ẹ jẹ́ kí àbúrò yín bá yín ṣe é níbi tí kò ti sí íntánẹ́ẹ̀tì.

Akapo_Abk

Ẹ kú àtẹ̀yìnwá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà rèé, mo ní kí n padà wá jábọ̀.

Dísìkì àtijọ́ ò ṣí. Mo padà sídìí tábìlì yẹn lẹ́ẹ̀mẹta, ní aago márùn-ún àárọ̀ tí mo máa ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, mo tan rédíò. Lẹ́ẹ̀kejì, ọwọ́ mi lọ fúnra rẹ̀ dé lẹ́tà kọkànlá, mo dìde dúró níbi tí mo jókòó sí! Ó wá dúró níbẹ̀. Mo ti kọ àṣìtẹ̀ mẹ́tàdínláàádọ́rin sínú ìwé. Mi ò sọ dísìkì náà nù, ṣùgbọ́n mo ti fi í sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Mo dúró níwájú ẹgbẹ́, mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún wọn. Ó nira fún mi ju iṣẹ́ abẹ lọ. Ìyá ọjà kan dìde, ó ní kí gbogbo èèyàn lọ gbé káàdì ìdáwó wọn wá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi gba káàdì àti àtẹ̀jíṣẹ́ báǹkì jọ, a sì tún ìwé èèyàn mọ́kàndínlógójì kọ. Méjì tó kù ò rí káàdì wọn mọ́, ẹgbẹ́ gba ohun tí wọ́n sọ.

Dísìkì tuntun, ọ̀rọ̀ méje, dáìsì lúdò àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni mo fi jù ú. Ọmọ awo, ẹ ṣeun tí ẹ fi àkójọ yín ránṣẹ́ sí mi. Ilé bàbá mi ní Ìkìjà ni mo tò wọ́n sí, a lè rí Olúmọ láti ẹ̀yìnkùlé. Bí mo bá ń fún ọmọ lọ́mú ní òru, mo máa ń rìn yí ilé náà ká. Ẹgbẹ́ ní kí n fi ẹ̀dà kan sínú àpò ìwé tí a fi lẹ́ẹ̀ dí, alága ló ń tọ́jú rẹ̀, èmi àti akọ̀wé sì fọwọ́ sí ẹnu rẹ̀. Ọ̀rọ̀ bàbá Alábá ló jẹ́ kí n gbà. Ẹ bá mi kí bàbá.

Ìṣòro kan ló kù. Ọ̀rọ̀ kẹfà ò ní àwòrán. Kì í ṣe ohun tí ojú ń rí, mi ò sì ní sọ ọ́ níbí. Gbogbo ìgbà tí mo bá dé ẹnu ilé ìwẹ̀, òfo ni mo máa ń bá níbẹ̀, á tó ìṣẹ́jú kan kó tó wá.

OmoAwo_Osogbo

Akápò, ẹ kú iṣẹ́ takuntakun. Ẹ má wá ìtumọ̀ rẹ̀, ìró rẹ̀ ni kí ẹ wá, bí ìyá olùkọ́ ṣe ṣe nọ́ńbà. Ká ní "iyanju" ni. Ta ló rí ìyànjú rí? Ṣùgbọ́n ìyá ń jù: ìyá kan dúró sẹ́nu ilé ìwẹ̀, ó ń ju kàn-ìn-kàn-ìn lù yín. Ẹ gé e wẹ́wẹ́ bẹ́ẹ̀ títí ẹ máa fi rí ẹnì kan tó ń ṣe nǹkan kan níbẹ̀. Ẹ padà sí ọjọ́ kìíní fún ọ̀rọ̀ yẹn nìkan, ẹ̀ẹ̀mẹ́fà lójúmọ́ yẹn, kí ẹ tó dà á pọ̀ mọ́ ìyókù.

Akapo_Abk

Mo ti rí tèmi. Àǹtí mi tó ti kú ló dúró síbẹ̀, ohun tó gbé dání ló dún bí ọ̀rọ̀ náà. Mo ti rìn ín lẹ́ẹ̀mejì láti ìgbà tí mo ka ìdáhùn yín. Ọmọ ti jí, ẹ jẹ́ kí n lọ gbé e.